Ìránṣẹ́ Tí Ọ̀bẹ Ò Ràn

Ohun tó ń bíni nínú nípa omi adágún tí fófòó aláwọ̀ ewé bò ni ìmọ̀ràn pé kéèyàn ṣáà sè é kó hó. Bakitéríà inú rẹ̀ á kú lóòótọ́ (bakitéríà ni, bó tilẹ̀ jọ ewé, tó sì ń fi oòrùn se oúnjẹ bí ewé). Májèlé rẹ̀ ńkọ́? Kò lẹ́mìí tó máa bọ́. Bí ara bakitéríà náà ṣe ń bẹ́ nínú omi gbígbóná ni májèlé ń dà jáde.

Èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú àwọn májèlé yìí, àmọ́ èyí tó ń bá iṣan ìmọ̀lára jà ló kàmàmà, pàápàá anatoxin-a. Nígbà táwọn onímọ̀ ní Kánádà ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún 1960 sí 1970, Apani-Wàràwàrà ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, torí ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń pa eku.

Iṣan ìmọ̀lára kì í fara kan ẹran ara tó ń pàṣẹ fún. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Bí àṣẹ bá dé, iṣan á tú ìránṣẹ́ kan, acetylcholine, sínú àlàfo náà. Ìránṣẹ́ á sọdá, á kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹran á sì súnkì. Ẹni tó ránni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ti ìránṣẹ́ yìí yàtọ̀, ibi tó ti jíṣẹ́ ni ikú rẹ̀ wà. Ẹ̀ṣọ́ kan, acetylcholinesterase, dúró níbẹ̀ tọ̀bẹtọ̀bẹ, á gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀. Ó jọ ìwà ìkà, àmọ́ ọgbọ́n ńlá ni: bí wọn ò bá pa tàkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹran ò ní dẹ̀, kò sì ní gbọ́ ti èkejì.

Anatoxin-a gbé aṣọ ìránṣẹ́ wọ̀. Ó kanlẹ̀kùn, wọ́n ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ yọ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ò ràn án. Ẹran á máa gbọ̀n, á máa fà, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Wọ́n máa ń ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́ o, àṣẹ àkọ́kọ́ ni kò tíì tán létí rẹ̀, tuntun ò ráyè wọlé. Tó bá kan ẹran tá a fi ń mí, èémí dúró nìyẹn. Ajá tó lúwẹ̀ẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, tó wá ń lá irun ara rẹ̀, lè kú kí ọjọ́ tó kanrí. Kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Àfi kí wọ́n máa bá a mí títí májèlé á fi kúrò lára.

Guanitoxin, májèlé míì nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ò yọ ìránṣẹ́ lẹ́nu, ẹ̀ṣọ́ gan-an ló ń dè mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn oògùn apakòkòrò kan ti ń ṣe, itọ́ á sì máa dà lẹ́nu ẹranko. Anatoxin-a(s) ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 2020, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò bá anatoxin-a tan rárá. Saxitoxin, májèlé kẹta, ní tirẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́. Ojú ọ̀nà tí sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀ tó ń mú kí àṣẹ rìn) ń gbà wọ inú iṣan ló ń dí, àṣẹ ò sì ní gbéra níbi tó wà. Òun ló wà nínú fófòó tó bo nǹkan bí 1,000 kìlómítà lójú odò Darling ní Ọsirélíà lọ́dún 1991.