Ọkọ̀ Fi Ẹ̀gbẹ́ Gbá Èbúté: Ṣé Kí Ìnṣọ́ránsì San Án, àbí Kí Oní-Ọkọ̀ Gbé E?

Ọkọ̀ fáíbà kan ń sún mọ́ èbúté CMS láàárọ̀, ìgbì ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá gbé e, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó kọnkéré níbi tí táyà tí wọ́n so mọ́ ọn ti já dànù. Kò sí èrò tó fara pa. Ìlà kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ ló hàn lára ọkọ̀, ọ̀dà sì bó díẹ̀. Ṣé kí oní-ọkọ̀ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni, àbí kó ra rẹ́sìnì (oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà) kó sì gbàgbé ẹ̀? Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jọ ọ̀kan: fífi tó ilé iṣẹ́ náà létí, àti bíbéèrè owó lọ́wọ́ wọn. Èkejì nìkan ló gba ìṣirò.

Àmọ́ ṣé ìbàjẹ́ náà kéré lóòótọ́? Fáíbà a máa tanni jẹ. Awọ òde rẹ̀ tó ń dán lè là lásán, kí inú le koko. Òde sì lè rí bákan náà, kó jẹ́ pé àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀ ti ya kúrò lára ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe kì í fi ojú nìkan wò ó. Wọn á wọ́ ọkọ̀ sórí iyanrìn, wọn á mú owó ẹyọ tàbí igi òòlù, wọn á máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó dára bọ̀ wá síbi tó là. Níbi tó dára, á máa dún kó, kó, kó. Tó bá di bọ̀, bọ̀, bí ìgbà tí a ń kan páálí, ibẹ̀ ti ya nínú nìyẹn, kódà bí ìlà kankan ò bá hàn. Wọn á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ibi tí ṣọ́ọ̀kì yí ká lè fẹ̀ gan-an ju ibi tí ojú rí. Bó bá sì wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ń dé, kò sí ohun tó ń jẹ́ kékeré níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iye àtúnṣe bá jáde ni ìwé ìnṣọ́ránsì tó kàn. Excess ni iye tí oní-ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa gbé kí ilé iṣẹ́ tó dá sí ìyókù. Ọ̀pọ̀ ìwé tún ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí kò béèrè owó lọ́dún tó kọjá. Ká ní ₦400,000 ni owó ọdún kan, ẹ̀dínwó ìdá 20 nínú 100 sọ ọ́ di ₦320,000, excess sì jẹ́ ₦200,000. Bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦280,000, ₦80,000 péré ni yóò wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dínwó lọ pátápátá: ₦80,000 ti padà síbi tó ti wá. Bí ìdajì ẹ̀dínwó náà ló padà lọ́dún kejì, ₦40,000 tún bá a lọ. Oní-ọkọ̀ ti kọ fọ́ọ̀mù, ó ti dúró de olùyẹ̀wò, ó sì tún pàdánù owó. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá di ₦900,000, ₦700,000 ló ń bọ̀, ìyẹn kì í ṣe owó tí à ń fi tọrẹ.

Kò sì ṣeé ṣe láti kó ìlà ti oṣù kìíní pọ̀ mọ́ pùròpẹ́là tó gbá ìtì igi lóṣù kẹta kí wọ́n lè jọ borí excess. Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ti fífi tó wọn létí kò lọ́rọ̀ nínú. Institute Yacht Clauses, àkójọ àdéhùn ìnṣọ́ránsì ti ọdún 1985 tí a ṣì ń bá pàdé nínú ìwé ọkọ̀ afẹ́, sọ pé kí oní-ọkọ̀ tètè sọ ohun tó bá lè di ọ̀ràn owó, kí wọ́n lè rán olùyẹ̀wò tiwọn wá. Ẹni tó bá ti fi rẹ́sìnì bò ó kó tó sọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí. Fọ́tò mélòó kan àti ìwé kúkúrú tó ní ọjọ́, wákàtí àti orúkọ èbúté ti tó. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé òun ò tíì béèrè owó.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìṣirò ò tilẹ̀ kàn. Òfin ìnṣọ́ránsì ojú omi ti Nàìjíríà, ti ọdún 1961, tí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun ti ọdún 2025 ti rọ́pò, yọ gbígbó lásán àti jíjò lásán kúrò nínú ohun tí wọ́n ń san, ó tún dárúkọ eku (ẹni tó bá mọ eku Èbúté Èrò kò ní rẹ́rìn-ín). Nínú ìwé 1985 yẹn, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó yọ bọ́ sínú ọ̀sà kò sí lára ohun tí wọ́n ń san. Èyí tí olè bá jí, wọn ò ní san án àfi bí oní-ọkọ̀ bá ti fi àgádágodo mìíràn kún ohun tó dè é mọ́ ọkọ̀.

Tí ọwọ́ èrò bá rọ́, tàbí tí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá bàjẹ́, kò sí “ṣé kí n sọ fún wọn” mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ó sì ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti dúró ní èbúté láì sọ pé “ẹ má bínú, a máa san án.” Ẹ má bínú dáa. A máa san án ni ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì kọ̀.

Ọkọ̀ akérò tún ní ìṣòro kan tí ọkọ̀ afẹ́ ò ní. Ìnṣọ́ránsì ara ọkọ̀ kì í sábà san owó ọjọ́ tí ọkọ̀ fi jókòó. Bí olùyẹ̀wò bá ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa dé, tí ọkọ̀ sì ti wà lórí iyanrìn ní Ìpákodò láti ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn èrò Ìkòròdú ń wọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn wà lára ìṣirò. Nítorí ẹ̀ ló ṣe dáa kí wọ́n kọ́kọ́ bi búrókà, ìyẹn alágbàtà ìnṣọ́ránsì, bóyá fọ́tò àti ìwé iye àtúnṣe lè tó, láìdúró de olùyẹ̀wò. Nígbà míì, ó máa ń tó.