Fífi túnà epo sí alùpùpù nílé

Túnà epo jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ wáyà alùpùpù onínọ́sù (nọ́sù ni ẹnu kékeré tó ń fín epo fún ẹ́ńjìnnì), tàbí tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, láti yí iye epo tí ẹ́ńjìnnì ń gbà padà. Àwọn tó pààrọ̀ sàláńsà tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń nílò rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá kò bá ìṣirò ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà mu mọ́. Ọ̀pọ̀ túnà ni a ṣe lọ́nà tí ẹni tó mọ sípánà lò lè gbà fi í sí i fúnra rẹ̀ láìgé wáyà kankan. Túnà kì í dá agbára sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni kí epo bá afẹ́fẹ́ mu. Lórí alùpùpù tí a kò tíì yí nǹkan kan padà lára rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹni tó ń gùn ún máa rí kì í tó nǹkan.

Ìtàn ráńpẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú alùpùpù. Ẹni tó bá fẹ́ kí epo pọ̀ sí i á tú kábúrétọ̀, á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ìyẹn irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, á sì tò ó padà. Kawasaki gbé Z1000 onínọ́sù jáde ní 1980. Honda ṣe CX500 Turbo ní 1982, BMW ṣe K100 ní 1983, Harley-Davidson náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́sù sí àwọn alùpùpù ìrìn-àjò rẹ̀ kan ní 1995. Òfin èéfín ló wá lé kábúrétọ̀ kúrò lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù tuntun: Euro 4 ní Yúróòpù láti 2016, àti BS6 ní Íńdíà láti oṣù kẹrin 2020. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe epo ní láti bá iná àti òǹkà ṣiṣẹ́ dípò jẹ́ẹ̀tì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Pọ́ǹpù inú táǹkì ló ń ti epo lọ sí nọ́sù, agbára tó fi ń tì í sì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi bar 3. Nọ́sù kì í pinnu nǹkan kan fúnra rẹ̀: bí iná bá dé sí i, ó ṣí, bí iná bá lọ, ó pa dé. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ni epo tó máa jáde ṣe máa pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ló ń pinnu àkókò yẹn, mìlísẹ́kọ́ǹdì ló sì fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, mìlísẹ́kọ́ǹdì 12 péré ni gbogbo iṣẹ́ sílíńdà kan, láti ìgbà tó fa afẹ́fẹ́ sínú títí tó fi tú èéfín dànù. Àárín àkókò kékeré yìí ni túnà ti ń fi díẹ̀ kún un tàbí yọ díẹ̀ kúrò.

Kí brain box tó mọ iye epo tó yẹ, ó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi sẹ́ńsọ̀: èyí tó ń sọ bí tírọ́tù (ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ń ṣí) ṣe ṣí tó, èyí tó ń ka yíyí kuránkì (ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), èyí tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń tì tó. Kí epo bẹntiróòlù lè jó tán láìṣẹ́kù, gíráàmù kan rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó gíráàmù 14.7. Bí a bá ń wá agbára tó pọ̀ jù lọ, ìdíwọ̀n náà máa ń sún mọ́ 13 sí 1, ìyẹn ni pé epo á pọ̀ díẹ̀ ju ohun tó lè jó tán. Epo tí a po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó dín díẹ̀, nǹkan bíi 14.1.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn inú páìpù èéfín ló ń ṣọ́ ìdíwọ̀n yìí. Irú èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù kò lè ṣe ju pé kó sọ bóyá epo pọ̀ tàbí ó kéré: bí iná rẹ̀ bá ga ju fólítì 0.45 lọ, epo pọ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí i, epo kéré. Nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́, brain box á máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ yìí; nígbà tí a bá ṣí tírọ́tù gidigidi, kò ní kà á sí mọ́. Ìdí nìyí tí túnà tó kàn fi epo kún un nígbà ìrìn jẹ́jẹ́ fi máa ń ṣe iṣẹ́ asán. Brain box á rí i pé epo ti pọ̀, á sì yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ túnà ṣe ní wáyà tàbí ìdè kan fún sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tó ń fi iná tí kì í yí padà ránṣẹ́ sí brain box tàbí tó gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbàgbé wáyà yìí kò ní mọ̀ pé túnà òun kò ṣiṣẹ́ ní ìlàjì ibi tó yẹ.

Oríṣi túnà

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ń jókòó láàárín brain box àti nọ́sù. Power Commander ti ilé-iṣẹ́ Dynojet ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá yọ ọ́, alùpùpù padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èkejì kì í jókòó síbì kankan: inú brain box gan-an ni a ti ń gba ẹnu ihò àyẹ̀wò kọ máàpù tuntun, ìyẹn tábìlì òǹkà tó ń sọ iye epo. Irú èyí lè yí àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná padà, iye yíyí tí ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti ooru tí fáànù máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ewu rẹ̀ wà nígbà kíkọ. Bí iná bátìrì bá rẹ̀ tàbí tí wáyà bá yọ láàárín iṣẹ́, brain box lè má dáhùn mọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ṣájà ran bátìrì lọ́wọ́, tí a sì ń pa iná iwájú àti ohun gbogbo tó ń jẹ iná. Àwọn kan nínú irú túnà yìí a máa so ara wọn mọ́ alùpùpù kan ṣoṣo tí wọn kò fi ní ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù bèèrè èyí kó tó sanwó.

Àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́

Túnà kò lè wo ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn sàn. Plọ́ọ̀gì tó ti gbó, fílítà tó dí, fáàfù tí àlàfo rẹ̀ kò pé, rọ́bà ẹnu tírọ́tù tó ti sán: gbogbo wọn ló ń fara jọ àìtó epo. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ihò kékeré níbi tí páìpù èéfín ti pàdé ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ òde á máa gba ibẹ̀ wọlé ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, sẹ́ńsọ̀ á ní epo kéré, brain box á dá epo kún un, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí gbogbo òǹkà ń sọ pé ó dára. Àwáṣà tuntun fún ẹnu páìpù kò wọ́n, ó sì yẹ kí a fi í sí i kí a tó fọwọ́ kan túnà rárá.

Fífi túnà sí i

Ìta gbangba tàbí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni iṣẹ́ yìí ti yẹ, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí iná kankan má sì sí nítòsí. Ṣáájú kí a tó tú páìpù epo, a máa ń yọ fíùsì pọ́ǹpù, a ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí tó fi kú fúnra rẹ̀, kí epo tó ṣẹ́kù nínú páìpù má baà tú síni lójú. Síbẹ̀ a ṣì ń fi àkísà bo ìdè náà bí a bá ń tú u. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, kò pọn dandan kí a yọ táǹkì. A lè gbé iwájú rẹ̀ sókè kí a fi igi tì í.

Ẹsẹ̀ bátìrì olódì (èyí tó ní àmì −) ni a kọ́kọ́ ń tú, òun náà ni a ń dè kẹ́yìn. Ìdè nọ́sù wà lára tírọ́tù, wáyà méjì ló sì wọ inú rẹ̀. Orí ìdè ni a ń tẹ̀ kí a tó fà á. Ẹni tó bá fa wáyà á já a. Ìdè túnà kan á wọ inú nọ́sù, èkejì á gba ìdè tí a yọ kúrò lára nọ́sù náà. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, nítorí pé sílíńdà kìíní sábà máa ń wà ní apá òsì ẹni tó jókòó sórí alùpùpù, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Àwọn alùpùpù eré-ìje kan tún ní nọ́sù méjì fún sílíńdà kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìwé túnà ló ń sọ èyí tí a máa dè.

Wáyà ilẹ̀ túnà ń lọ sí ẹsẹ̀ olódì bátìrì tààrà. Bí a bá dè é mọ́ irin tí a fi ọ̀dà kùn, iná rẹ̀ á máa já lóòrèkóòrè, ẹ́ńjìnnì á sì máa ta gìrì láìnídìí tí ẹnikẹ́ni lè tètè rí. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé títo wáyà ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni a sábà máa ń fi ìkánjú ṣe. Wáyà gbọ́dọ̀ jìnnà sí páìpù èéfín àti rédíétọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ ibi tí táǹkì ti ń jókòó. Kí a tó fi okùn ike dè é pa, ó yẹ kí a yí ọwọ́ alùpùpù sí òsì pátápátá àti sí ọ̀tún pátápátá, ká rí i pé kò sí wáyà tó ń fà. Túnà fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ ìjókòó, níbi tí omi kò ti lè dé, lórí ojú tí a ti fi ọtí ìnùkan nù mọ́.

Kí a tó ṣáná, a máa ń ṣí kọ́kọ́rọ́ kí pọ́ǹpù kọ́kọ́ dún, ká sì wo gbogbo ìdè páìpù bóyá epo ń kán. Lẹ́yìn náà ni a ó fi kọ̀ǹpútà kọ́ túnà ní ibi tí tírọ́tù ti pa dé àti ibi tó ti ṣí tán, bí ìwé rẹ̀ bá béèrè fún un.

Máàpù àti àtúnṣe rẹ̀

Máàpù jẹ́ tábìlì òǹkà. Yíyí ẹ́ńjìnnì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí tírọ́tù ṣe ṣí tó wà ní èkejì, òǹkà inú àpótí kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iye epo tí a máa fi kún un tàbí yọ. Máàpù tó bá ọdún alùpùpù, sàláńsà àti fílítà rẹ̀ mu gan-an ni a ń wá. Èyí tó fara jọ ọ́ kò tó. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pamọ́.

Bí epo bá kéré, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná jù, á máa ta síwá-sẹ́yìn lórí tírọ́tù tó dúró sójú kan, sàláńsà á sì máa yìnbọn nígbà tí a bá pa tírọ́tù dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò lára páìpù náà lè fa ìyìnbọn. Bí epo bá pọ̀, ẹnu sàláńsà á dúdú, òórùn epo á máa jáde, epo tí kò jó á sì máa fọ òróró kúrò lára ògiri sílíńdà, á máa bá òróró ẹ́ńjìnnì pò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí epo pọ̀ kò léwu, àmọ́ ó ń ba ohun ìfọ-èéfín inú sàláńsà jẹ́.

Àmì wọ̀nyí ń tọ́ka. Wọn kì í wọn nǹkan. Ohun tó ń wọ̀n ọ́n ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn onígbòòrò, tó lè sọ ìdíwọ̀n gan-an. A lè rí i lórí ẹ̀rọ dáínò, tí táyà ẹ̀yìn á máa yí lórí ìlù irin, tàbí kí a so ó mọ́ alùpùpù kí túnà máa fi òǹkà rẹ̀ ṣàtúnṣe fúnra rẹ̀. Ihò sẹ́ńsọ̀ yìí sábà máa ń tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, mìlímítà 18, nítorí náà páìpù lè nílò wẹ́dà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń dán alùpùpù wò lójú ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ máa wo kọ̀ǹpútà. Túnà á tọ́jú òǹkà náà títí tó fi dúró.

Òfin

Ní Amẹ́ríkà, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti 1970 ni ìjọba fi ń ká àwọn tó bá yí ètò èéfín ọkọ̀ padà lọ́wọ́ kò. Ní oṣù kẹjọ 2016, Harley-Davidson gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn lórí nǹkan bíi 340,000 túnà tí ó ti tà, ó sì gbà láti má tà wọ́n mọ́. Ìpínlẹ̀ California ń fún túnà tó bá yege ní ìwé àṣẹ, nọ́ńbà ìwé náà sì máa ń wà lára ẹ̀rọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ lóòrèkóòrè, alùpùpù tí èéfín rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n lè kùnà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù náà sì lè kọ̀ láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá jẹ́ pé túnà ló bà á jẹ́, nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ oní alùpùpù fi ń fẹ́ irú túnà tí a lè yọ kúrò, tí wọ́n sì ń tọ́jú gbogbo ìdè àtijọ́ pamọ́.