Wọ́n ní kíndìnrín ọmọ inú wú: ṣé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni?

Èsì scan aboyún kan ń kiri lórí WhatsApp. Ohùn tí wọ́n fi tẹ̀lé e ní kíndìnrín ọmọ náà ti bàjẹ́ látinú oyún. Ọ̀pọ̀ ìyá ti ń bẹ̀rù.

Kí ló wú gan-an?
Ibi tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín ló fẹ̀, torí ìtọ̀ gbárajọ síbẹ̀. Kíndìnrín kò jẹrà.

Ọmọ inú náà ń tọ̀?
Ó ń tọ̀ dáadáa. Láti ìdajì oyún lọ, ìtọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. (Ẹ má rojú, gbogbo wa la wẹ̀ ẹ́.) Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wo omi náà: bó bá dínkù, ìtọ̀ lè máà ríbi jáde.

Ìgbà wo ló pọ̀ jù?
Wọ́n ń wọn bí ibi tí ìtọ̀ gbárajọ sí nínú kíndìnrín ṣe fẹ̀ tó ni. Kó tó di ọ̀sẹ̀ 28, kò yẹ kó tó mílímítà 4. Láti ọ̀sẹ̀ 28, kò yẹ kó tó 7. Lẹ́yìn ìbí, 10. Ti inú èsì yẹn jẹ́ 8 ní ọ̀sẹ̀ 32: ó fi díẹ̀ kọjá. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò ka iye yìí sétí ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń fà á?
Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, fúnra rẹ̀ ló máa lọ. Ti àwọn mìíràn, ọ̀nà ìtọ̀ ló há lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, tàbí kí ìtọ̀ máa ṣàn padà sókè láti inú àpò ìtọ̀. Ọmọkùnrin nìkan ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lè dí lójú ọ̀nà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Èyí ni wọn kì í fi falẹ̀.

Ṣé ká ṣe scan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?
Ó sábà máa ń yá jù. Ìtọ̀ ọmọ tuntun kò pọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kíndìnrín tó wú lè dà bíi pé kò wú, kí ìyá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 48 kọjá, ẹ ṣe é kó tó pé oṣù kan, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kódà bí ti àkọ́kọ́ bá dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kíndìnrín méjèèjì ló wú gan-an, tàbí ọ̀kan ṣoṣo lọmọ ní, tàbí omi inú oyún ti dínkù, ẹ má dúró.

Ṣé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà?
Ọ̀pọ̀ kì í débẹ̀.

Kí la ó máa ṣọ́ nílé?
Bí ìtọ̀ ọmọkùnrin kò bá ta jáde, tó kàn ń kán tó-tó-tó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má sọ pé eyín ló ń hù tàbí pé ibà lásán ni. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín rẹ̀ fún dókítà, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Àgbo tí ń fọ kíndìnrín ńkọ́?
Rárá. Kíndìnrín yẹn kan náà ló máa sẹ́ àgbo ọ̀hún bí asẹ́.