Áàpù tó ń rán áàpù níṣẹ́: ẹ kọ́kọ́ múra de nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já

Bí ilé ìtajà ajílẹ̀ kan bá wà ní Kábà, tó sì ní ẹ̀ka ní Ìsánlú, ó ṣeé ṣe kó máa lo áàpù mẹ́ta: èyí tí wọ́n fi ń tajà, èyí tí wọ́n fi ń ka ohun tó kù ní stọ́ọ̀, àti èyí tí akọ̀wé fi ń ṣírò owó. Àpò ajílẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ti rẹ̀ nírọ̀lẹ́ lè tẹ 10 kó di 100. Web service ló ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn: áàpù kan á ní àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù á máa gba ibẹ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí fi iṣẹ́ rán an.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ sọ́fúwíà, irú méjì lẹ máa bá pàdé jù. SOAP ń lo XML, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to dátà kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ẹ ṣì lè bá a ní báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá. REST, tí Roy Fielding ṣàlàyé nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2000, ló wọ́pọ̀ báyìí, JSON, ọ̀nà mìíràn láti to dátà kalẹ̀, ni wọ́n sì sábà fi ń kọ iṣẹ́ náà. GET lẹ fi ń béèrè, POST lẹ fi ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Nọ́mbà ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ náà, fi ń dáhùn: 200, ó ti ṣe é, 400, ohun tí ẹ kọ kò tọ́, 401, kò mọ̀ yín, 500, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni wàhálà wà.

Ìwọ̀nyí ò le. Ìgbà tí èsì kankan ò wá ló le.

Ẹ jẹ́ ká ní áàpù Ìsánlú fi POST ránṣẹ́ pé àwọn ti ta àpò 10. Server gbà á, ó yọ 10 kúrò, ó fẹ́ dáhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìsánlú ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dé. Bó bá tún un rán, 20 ló kúrò nínú ìwé. Bó bá sì fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò wọ ìwé rárá. Níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, èyí ni kí ẹ yanjú kí ẹ tó ronú kan bí ojú áàpù yín ṣe máa rí.

Kí áàpù tó ránṣẹ́ nípa ọjà kankan tí wọ́n tà, kó ti fún un ní UUID, nọ́mbà tí kò jọ ti òmíràn, kó sì kọ ọ́ sórí fóònù náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi nọ́mbà yìí sínú header, apá òkè iṣẹ́ tí ẹ ń rán. Idempotency-Key ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Bí server bá ti rí i rí, kó dá èsì àkọ́kọ́ padà, kó má yọ ohunkóhun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wíwò bóyá nọ́mbà náà ti wà kí ẹ tó kọ ọ́, torí iṣẹ́ méjì lè dé pa pọ̀. Ẹ fi UNIQUE, òfin pé nọ́mbà kan ò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí nọ́mbà náà nínú database, ibi tí server ń kó àkọsílẹ̀ sí, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti yíyọ ọjà sínú transaction kan ṣoṣo, kí méjèèjì jọ wọlé tàbí kí ìkankan má wọlé. Nígbà náà, àtúnrán ò léwu mọ́.

Ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá 1, 2, 4, 8 kí ẹ tó tún un rán, kí ẹ sì fi díẹ̀ tí kò bára mu kún un, kí gbogbo ẹ̀ka má bàa ya lu server lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. 429 (iṣẹ́ tí ẹ rán ti pọ̀ jù) àti 503 (server ò lè dáhùn báyìí) ṣeé tún rán. Ẹ má tún 400 rán láé. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ wò ó.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Kọ́bọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń kà: ₦2,500 ni 250000. Ẹni tó kọ 2500, ₦25 ló gbà. Webhook wọn, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn ń rán sí server yín, lè dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ yẹ ọwọ́ tí wọ́n fi sí i wò, ẹ tètè dáhùn 200, kí ẹ tó máa ṣiṣẹ́. Secret key, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fún yín, ò gbọ́dọ̀ wọ inú áàpù fóònù.

Ẹ fi nọ́mbà fóònù àti ti àkáǹtì pamọ́ bí string, ìyẹn bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye, kí òdo iwájú má bàa sọnù. Orúkọ àwọn oníbàárà wa náà ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ́ kò ní àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ àti àmì ohùn ni. Bí áàpù kan bá kọ ọ́ bó ṣe wù ú, oníbàárà kan á di méjì. Ẹ sọ ọ́ di NFC, ọ̀nà ìkọ kan náà tí Unicode là sílẹ̀, níhà méjèèjì.

Kí ẹ tó gbé e fún oníṣòwò, ẹ pa dátà fóònù láàárín ìtajà, ẹ tún un tan, kí ẹ wá ka àpò tó kù nínú ìwé.