Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààrọ̀ Madigáàdì Tírélà Kékeré
Tírélà tí à ń sọ níbí kì í ṣe ìyẹn tó ń kó símẹ́ńtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Kékeré tí mọ́tò ń wọ́ lẹ́yìn ni, irú èyí tó kún ìgboro Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ń kó pákó, ẹ̀rọ ìgékoríko àti ẹrù ilé. Madigáàdì rẹ̀, irin tó tẹ̀ bí ọrun bo táyà lórí, máa ń fara gba nǹkan. Ó lè fi gbá òpó géètì, ó lè dípẹtà. Èyí tó burú jù ni ti táyà tó bẹ́ lórí eré: rọ́bà òde rẹ̀ á ṣí, á wá máa na madigáàdì bí pàṣán, gbà, gbà, gbà, títí irin á fi ká tàbí já.

Ẹni tó fẹ́ ra òmíràn, táyà ni kó wọ̀n, kì í ṣe ògbólógbòó madigáàdì. Bí tírélà bá ṣófo, àlàfo tó wà lórí táyà máa ń tóbi lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá dé, tó tún wá kó sí kòtò, sípíríìnì á tẹ̀, ara tírélà á wálẹ̀, madigáàdì á sì bá a wálẹ̀ sórí táyà. Àsìkò yẹn gan-an ni kéèyàn rà á dè.

Nọ́ńbà ara táyà ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ká mú ST205/75R15, tó wọ́pọ̀ gan-an. ST ni pé tírélà ni wọ́n ṣe é fún. 205 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, bí íǹṣì 8. 75 ni pé ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó ìdá 75 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 15 sì ni íǹṣì rímù. Bí a bá rò ó pọ̀, táyà náà ga tó íǹṣì 27. Madigáàdì tó fẹ̀ ní íǹṣì 9 tàbí 10, tó gùn tó 32 láti iwájú dé ẹ̀yìn, á gbà á. Lókè, kí àlàfo tó íǹṣì 3 nígbà tí kò sí ẹrù. Bí sípíríìnì bá rọ̀, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin ló lágbára jù, ó sì ṣeé jó mọ́ ara tírélà, àmọ́ kò gbọdọ̀ wà láìní ọ̀dà. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kì í tètè dípẹtà, ṣùgbọ́n èéfín síǹkì tó ń jóná lè dá ibà sí wẹ́dà lára. Bóòtù ló dáa fún un. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò ṣeé jó mọ́ irin. Bí wọ́n bá dè é mọ́ irin, kí wọ́n fi rọ́bà sáàárín wọn, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín á jẹ́ kó máa jẹra. Ike kì í dípẹtà rárá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró lé e lórí.

Nígbà tó bá kan dídè, orí ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí tírélà wà, kí wọ́n fi nǹkan dí táyà, kí wọ́n sì tú wáyà iná kúrò nítòsí. Wọ́n á gé èyí tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á ha ọ̀dà ojú ibẹ̀ títí irin á fi máa dán. Wọ́n á wá gbé pákó tó nípọn ní íǹṣì 3 lé orí táyà, wọ́n á gbé madigáàdì tuntun lé pákó náà. Pákó yẹn ló ń di àlàfo mú. Wọ́n á fi téèpù wò ó bóyá iwájú àti ẹ̀yìn jìnnà bákan náà sí àárín rímù, kí wọ́n tó fi iná jó o mọ́ tírélà fẹ́ẹ́rẹ́ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Wọ́n á yọ pákó, wọ́n á ti tírélà síwá sẹ́yìn. Bí kò bá kan ibì kankan, wọ́n á máa jó o díẹ̀díẹ̀, níbí, lọ́hùn-ún, torí bí iná bá pẹ́ lójú kan, irin tínínrín á lọ́. Ibi tí wọ́n ń jó gan-an ni kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ wẹ́dà ti gbá irin mú, kí iná má baà gba inú bíárìn kọjá.

Bó bá jẹ́ bóòtù, kí orí rẹ̀ tó rí rogodo kọjú sí táyà, kí nọ́ọ̀tì wà lóde. Ẹni tó bá yí i padà ti gbé ọ̀bẹ lé orí táyà. Ike ń fẹ́ wọ́ṣà tó gbòòrò, kí ihò rẹ̀ sì fẹ̀ ju bóòtù lọ díẹ̀, torí oòrùn á mú un gbòòrò.

Kí wọ́n kun inú madigáàdì pẹ̀lú òde. Bí ọ̀dà bá gbẹ, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé pa inú rẹ̀, kí wọ́n di ẹrù kún tírélà, kí wọ́n rọra wà á gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun. Tí wọ́n bá padà dé tí ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́ níbì kan, táyà ti ń kàn án nìyẹn.