Lẹ́tà kan péré ló ya A sọ́tọ̀ lára S

Kí wọ́n tó so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ láyé ìsinyìí, genotype ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, ṣọ́ọ̀ṣì míì ò tiẹ̀ ní dá yín lóhùn tẹ́ ò bá mú èsì wá. Àmọ́ A àti S tí wọ́n ń kọ sórí ìwé yẹn, inú DNA (ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) ló ti wá, ohun tó dẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀ ò ju lẹ́tà kan lọ, nínú bíi bílíọ̀nù 3 tá a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti bíi bílíọ̀nù 3 míì lọ́dọ̀ ìyá.

DNA rí bí àkàbà tí wọ́n lọ́ po. Ṣúgà àti phosphate ló ṣe òpó méjèèjì, lẹ́tà mẹ́rin ló ṣe àwọn igi tí wọ́n fi dábùú: A, T, G, C (A yìí kì í ṣe A ti genotype o). A ò ní bá ẹlòmíì tan àfi T, G náà ò mọ̀ ju C lọ, nítorí ẹ̀ tó o bá ti mọ ohun tó wà lápá kan, o ti mọ ìkejì nìyẹn. Tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àkàbà yẹn á là láàárín, apá kọ̀ọ̀kan á wá di ohun tí wọ́n máa wò kọ́ apá tuntun. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Watson àti Crick, ló kéde bí DNA ṣe rí yìí ní 1953, wọ́n sì gbayì, àmọ́ àwòrán X-ray tó ti iṣẹ́ Rosalind Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tiwọn, jáde ló là wọ́n lójú, wọn ò dẹ̀ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

DNA yìí kì í kúrò nínú nucleus, ìyẹn yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì, RNA ló ń jíṣẹ́ fún un. Okùn kan ni RNA, U ló ń lò dípò T, ṣúgà ẹ̀ fi oxygen kan ju ti DNA lọ, oxygen yẹn ni kì í jẹ́ kó lálòpẹ́ (ara ìdí tí abẹ́rẹ́ Kòrónà ti Pfizer, tí wọ́n fi RNA ṣe, fi gbé inú fíríìsà tó tutù tó -70°C nígbà tó kọ́kọ́ jáde nìyẹn).

Nínú mùdùnmúdùn egungun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan á ṣí DNA lórí chromosome 11 (ọ̀kan lára àwọn ìdì tí wọ́n ká DNA sí), á da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sí RNA, RNA á gbé e lọ bá ribosome, ẹ̀rọ tó ń kọ́ protein nínú sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ribosome ń kà. Tó bá ka GAG, RNA kékeré míì tí wọ́n ń pè ní tRNA á gbé glutamic acid wá, ọ̀kan lára amino acid tí wọ́n fi ń kọ́ protein, bẹ́ẹ̀ lá máa kà tá máa so wọ́n mọ́ra títí á fi pé 146, ìyẹn beta globin, ọ̀kan lára ohun tó di hemoglobin, tó ń gbé oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ti S, ní ipò kẹfà, GTG ló wà níbi tó yẹ kí GAG wà. RNA ò ní bi í pé kí ló dé, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló máa jẹ́, á kọ GUG, tRNA míì á gbé valine, amino acid míì, wá.

Valine ò fẹ́ rí omi sójú, nítorí náà tí hemoglobin bá ti já oxygen sílẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ hemoglobin míì, wọ́n á di okùn gígùn tó le gbagidi, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kọrọdọ, á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Ìrora táwọn tó jẹ́ SS máa ń ní nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó lo bíi 120 ọjọ́ ò ní lò ju 10 sí 20 lọ.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé lábù tó ń ṣe genotype fún wa kì í sábà wo DNA rárá. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà pẹlẹbẹ kan, wọ́n á fi iná mọ̀nàmọ́ná sí i, glutamic acid máa ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ sára, valine kì í gbé e, nítorí náà A á sáré lọ iwájú, S á kù lẹ́yìn. Ilà méjì ló máa hàn tó bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún A lọ́dọ̀ òbí kan, S lọ́dọ̀ ìkejì.

AS kì í sábà ṣàìsàn, ibà ẹ̀fọn (malaria) tó le gan-an kì í dẹ̀ sábà pa á lọ́mọdé, ìdí tí S fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Tí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́.

Ní 2023, ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan fáwọn tó jẹ́ SS, tí wọ́n ń pè ní Casgevy. RNA náà ni wọ́n fi ń darí ẹ́ńsáìmù lọ síbi tó máa gé nínú DNA, wọn ò dẹ̀ fọwọ́ kan lẹ́tà tó ṣì yẹn rárá, ohun tó ń pa hemoglobin tí ọmọ ń lò nínú ikùn ìyá ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ń gé, kí hemoglobin yẹn lè padà ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà.