Irun Wọn Kò Já, Irin Ló Já

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi àwa tí à ń so aṣọ àti okùn sókè fún àwọn eléré sákọ́ọ̀sì, àwọn tó ń fi ara dárà lókè, ni pé, "Kí ni wọ́n lò?" Oògùn ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kì í bèèrè ohun tí aṣọ ọ̀hún so mọ́. Ẹni tó ń ṣe ìyàwó á ti sanwó gbọ̀ngàn, á ti sanwó kéèkì, á ti sanwó fún ọmọbìnrin tí yóò máa fi aṣọ pupa ṣeré lókè orí àlejò. Ìnáwó á wá ku ọ̀la kó tó fi fọ́tò síílìn ránṣẹ́: "Ìkọ́ fáànù wà níbẹ̀, ó lágbára dáadáa."

Ìkọ́ fáànù kẹ̀! Kílò mélòó ni fáànù? Fáànù kì í já wálẹ̀ kó tún dúró gbàgà lójijì. Ẹni tó wọn kílò 60, bó bá rọra dìrọ̀ mọ́ aṣọ, kílò 60 náà ló wà lọ́rùn irin. Ṣùgbọ́n bó bá we aṣọ mọ́ra, tó wá jọ̀wọ́ ara rẹ̀, tó já wálẹ̀ bíi mítà 2 kí aṣọ tó gbá a mú, ohun tí irin òkè máa gbà lára lẹ́ẹ̀kan náà lè tó ìlọ́po 4 tàbí 5 ìwọ̀n rẹ̀. Bí aṣọ náà kì í bá ń nà, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi í so ẹyọ ẹnì kan mọ́ ibi tí kò bá lè gbé nǹkan bíi kílò 1,000 láìmì. POP kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, bẹ́ẹ̀ ni irin kánọ́pì. Bíìmù tí ẹnjiníà ti yẹ̀ wò là ń wá. Bẹ́líìtì ìgbẹ́rù la sì ń yí ká a, a kì í ní kí wẹ́dà wá jó ìkọ́ mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Láàárín bíìmù àti èèyàn, ohun tó kéré jù ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Karabínà là ń pè é: irin ìkọ́ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tó sì ní ìdè tí à ń yí pa. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọfà kéékèèké. Lára èyí tó wọ́pọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi 25 kN (kilonewton, òṣùwọ̀n agbára fífà) fún fífà lóòró, 8 kN fún fífà níbùú, àti 8 kN fún ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. 1 kN fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kílò 100. Irin kan náà ni o, kò dàgbà, kò dípẹtà, ṣùgbọ́n bó bá ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ kò tó ìdajì mọ́, kò tilẹ̀ tó ìdá mẹ́ta.

Kí ló ń mú un dùbúlẹ̀? Eléré ń yí, aṣọ ń lọ́. Bí kò bá sí irin tó ń yí fúnra rẹ̀ láàárín aṣọ àti karabínà, aṣọ á fi lílọ́ náà lọ́ karabínà sí ẹ̀gbẹ́. Gbígbọ̀n náà tún lè máa tú ìdè ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn la fi ń gbé e kọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ìdè ń yí lọ bó bá ń pa dé. Bó bá gbọ̀n, pípa ló máa pa sí i. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n so nǹkan méjì tó ń fà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ karabínà kan ṣoṣo. Òkè kan, ìsàlẹ̀ kan. Ó parí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà, obìnrin mẹ́jọ ń ṣeré nínú sákọ́ọ̀sì Ringling Bros. and Barnum & Bailey. Irun orí wọn ni wọ́n fi dìrọ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á ní irun ló máa kọ́kọ́ já. Irun kì í já bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á dì í mọ́ okùn pinpin, wọ́n á sì so ó mọ́ òrùka irin. Ẹyọ irun tó wà lórí èèyàn tó nǹkan bí 100,000. Ẹ pín kílò 60 sí i, kò tó gíráàmù kan tó máa kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí onídìrí bá ti dì í dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tó le jù ló máa tu látorí.

Lọ́jọ́ náà, irun kò ṣe nǹkan kan. Karabínà kan ṣoṣo tó gbé férémù irin tí gbogbo wọn dìrọ̀ mọ́ ló ṣẹ́. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ já lulẹ̀ pọ̀, wọ́n tún kan ẹlòmíì tó wà nílẹ̀. Gbogbo wọn yè, ṣùgbọ́n wọ́n fara pa yánnayànna. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà so ẹrù mọ́ karabínà náà kò bá ìlànà mu: òkè ń fà á, nǹkan méjì ń fà á nísàlẹ̀. Dọ́là 7,000 ni owó ìtanràn, nítorí òfin ìgbà náà kò gbà wọ́n láyè láti bù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá sọ fún mi, oǹdè oògùn wo ló fẹ́ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn irin?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi ọ̀rá erè ra ọmọdé lára pé kí egungun wọn lè rọ̀. Egungun kì í rọ̀. Erè gan-an, egungun líle ló wà lẹ́yìn rẹ̀; ó kàn ju 200 lọ ni, nígbà tí tiwa jẹ́ 33. Iṣan ló ń nà, ẹ̀yìn tí ara bá ti gbóná bí ìṣẹ́jú 15 ni a sì ń nà án, ní 30 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ọmọ onídán tó ń tàkìtì lójú agbo bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó wá wòran ni kò rí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ọ̀rá, àdí, òrí, ohunkóhun tó bá ń yọ̀, bó bá ti kan aṣọ wa, ọwọ́ ò ní lè di í mú mọ́, kò sì ní yọ ẹni tó fi para nìkan: ẹni tó bá gun aṣọ náà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Ìfúnpá àti òrùka oògùn náà nkọ́? Wọ́n á ya aṣọ lójú kékeré tí ẹnì kan kò ní rí títí yóò fi fẹ̀. Òrùka tó bá há sínú aṣọ nígbà tí ara ń lọ sílẹ̀ lè bó awọ ìka kúrò lára egungun.

Tìmùtìmù tí à ń tẹ́ sísàlẹ̀ máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Mátírẹ́ẹ̀sì ibùsùn kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwa náà kò sì gbẹ́kẹ̀ lé tìmùtìmù bó bá jẹ́ orí ló kọ́kọ́ ń bọ̀.

Bí gbọ̀ngàn yín kò bá ní bíìmù tí ojú lè rí, ẹ gba àwọn tó ń jó lórí igi gíga. Owó wọn kò wọ́n tó tiwa, àlejò á pariwo bákan náà, kò sì sẹ́ni tó máa gun síílìn yín.